Ṣé àmì CE lára ṣájà fóònù túmọ̀ sí pé ìjọba ti yẹ̀ ẹ́ wò?

Rárá o, ilé iṣẹ́ tó ṣe ṣájà yẹn fúnra ẹ̀ ló ń fi CE sọ pé òun tẹ̀lé òfin ààbò ilẹ̀ Yúróòpù. Fún ọ̀pọ̀ nǹkan kéékèèké tó ń lo iná, òun náà ló máa yẹ ọjà ẹ̀ wò, òun náà ló máa tẹ àmì sí i, ìdí nìyẹn tí ayédèrú ẹ̀ fi rọrùn, torí náà tó o bá ń ra ṣájà l'ọ́jà Ouando ní Àjàṣẹ́ tàbí ní Kétu, má gbára lé lẹ́tà méjì yẹn nìkan. Àwọn ọjà kan wà ṣá, bí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ìṣègùn, tó jẹ́ dandan kí àjọ mí ì yẹ̀ wọ́n wò, nọ́ńbà ẹyọ 4 sì máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ CE tiwọn.

Àwọn àmì mí ì tún wà lára ṣájà. Àpótí kékeré tí wọ́n yà sínú ńlá ń sọ pé ìdáàbòbò méjì ló wà nínú ṣájà náà, kò nílò wáyà ilẹ̀. Garawa ìdọ̀tí tí wọ́n fagi lé kì í ṣe àmì ààbò rárá, ó kàn ní kó o má dà á mọ́ pàǹtí ilé ni.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù lójú tèmi ni ibi tí wọ́n kọ INPUT sí, ìyẹn iye iná tí ṣájà lè gbà wọlé. Iná Benin jẹ́ 220V, tó bá jẹ́ 100-240V ni wọ́n kọ, ó dáa, àmọ́ tó bá jẹ́ 120V nìkan, bí àwọn kan tó ń ti Amẹ́ríkà wá, má kì í bọ iná láìsí tiransifọ́mà tó máa dín iná kù, ó lè jó.