Ìwé kan ṣoṣo, ọmọ mọ́kànlá

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Òkè-Fíà ní Òṣogbo ni mò ń gbé. Láti ìgbà tí ọlidé ti bẹ̀rẹ̀, mo máa ń kó àwọn ọmọ àdúgbò jọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé ká lè jọ kàwé. Ọmọ mọ́kànlá ni wọ́n, láti ọmọ ọdún mẹ́fà dé mẹ́tàlá. Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmọlẹ̀ tí bàbá mi fi sílẹ̀ ni mo mú jáde, ẹ̀dà kan ṣoṣo sì ni. Mo ní kí wọ́n máa gbà á lọ́wọ́ ara wọn kà. Àwọn àgbà ń kọsẹ̀, àwọn kéékèèké ń sùn. Sátidé tó kọjá, mẹ́fà péré ló wá. Ṣé kí n ra ìwé fún oníkálukú ni, àbí kí n fi í sílẹ̀? — Ìyá Ìbejì

Ìdáhùn: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú àwọn ọmọ. Ẹ má fi í sílẹ̀, ẹ má sì tíì náwó. Ẹ̀dà kan tó. Ẹ kàn gbà á padà lọ́wọ́ àwọn ọmọ ni. Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ máa kà á sókè fún wọn.

Ọdún 1938 ni ìwé Fágúnwà yẹn kọ́kọ́ jáde. Gbólóhùn rẹ̀ gùn. Èémí á ti tán nínú ọmọ ọdún mẹ́wàá kó tó dé ibi tó ti máa dánu dúró. Tó bá sì jẹ́ ẹ̀dà àtijọ́ ni ti bàbá yín, “enia”, “aiye” àti “obirin” ló máa wà níbẹ̀. “Ènìyàn”, “ayé” àti “obìnrin” ni wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ báyìí, nítorí wọ́n ti tún àkọtọ́ ṣe ní 1974. Kì í ṣe pé orí wọn kú. Etí wọn ni kò tíì gbọ́ ohun tí ẹ fẹ́ kí ojú wọn dá mọ̀.

Ẹ wò ó, ìwé yẹn fúnra rẹ̀ ti kọ́ wa bá a ṣe ń ṣe é. Àkàrà-Oògùn, ọdẹ tó ń sọ ìtàn inú rẹ̀, kò sọ ìtàn rẹ̀ tán lọ́jọ́ kan. Ó sọ ọ́ títí ilẹ̀ fi ń ṣú, ó bá tirẹ̀ lọ. Nígbà tó fi máa padà dé lọ́jọ́ kejì, èrò ti pé jọ tí wọ́n ń dúró dè é. Nítorí náà, ẹ má kọjá 20 ìṣẹ́jú, kẹ́ ẹ sì mọ ibi tí ẹ máa dúró. Tí ẹ bá kan Agbákò, ẹ̀dá abàmì tó bá a jà nínú igbó, tí ẹ ti ka ti ojú mẹ́rìndínlógún tó yí orí rẹ̀ ká, ẹ pa ìwé dé kí ìjà tó bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á pariwo, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ ṣí i!” Ẹ má ṣí i. Àwọn márùn-ún tó ń sá yẹn, àwọn ẹgbẹ́ wọn ni yóò lọ ròyìn fún wọn.

Ẹ má sì bi wọ́n pé, “Ẹ̀kọ́ wo ni ìtàn yìí kọ́ wa?” Èmi náà ti ṣe irú rẹ̀ rí, mo tiẹ̀ ń fún wọn ní máàkì. Láàárín oṣù kan, gbogbo ọmọ ni ìyá wọn ń rán lọ lọ ata ní àsìkò ìwé kíkà wa. Ohun tí mò ń bi wọ́n báyìí ni pé, “Tó bá jẹ́ ìwọ ni, ṣé wàá sá ni àbí wàá jà?” Mo wá jókòó, mo ń wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń jiyàn.

Ẹ fún àwọn kéékèèké ní bébà àti bírò kí wọ́n máa ya Agbákò bí ẹ ṣe ń kà á. Òṣogbo ìlú ayàwòrán la wà. Ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Ẹni tó bá sùn, kó sùn.

Ní ti àwọn tó ti dàgbà, ẹ yan ìpínrọ̀ kan fún ẹnìkan láti Ọjọ́bọ̀, kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ dà á kọ, àmì ohùn àti gbogbo ẹ̀, kó sì kà á ní Sátidé. Tó bá ṣìṣe, ẹ má já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹ má sì gbé odindi ìwé lọ sí ọ̀dọ̀ oní-fọ́tòkópì: òfin ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé ti 2022 ń dáàbò bo iṣẹ́ òǹkọ̀wé fún 70 ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀, ọdún 1963 sì ni Fágúnwà kú.

Tí ẹ bá parí èyí, tí wọ́n sì fẹ́ ìwé Gẹ̀ẹ́sì, Chike and the River tí Chinua Achebe kọ ní 1966 dára fún àwọn tó ti pé mẹ́wàá. Kò gùn. Ọmọ kan ló fẹ́ sọdá odò Ọya láti Onitsha sí Asaba, owó ọkọ̀ ni kò ní. Ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n léèrè bí wọn ì bá ṣe rí owó ọ̀hún kẹ́ ẹ tó kà á. Ẹ máa gbọ́ nǹkan!

Ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ fẹ́ kó wọn lọ sí Igbó Ọ̀ṣun lẹ́yìn ìtàn igbó. Ó dára, àmọ́ ẹ sọ fún òbí kọ̀ọ̀kan ṣáájú. Àwọn kan kò ní gbà nítorí ẹ̀sìn wọn. Ẹ má bá wọn fà á.

Ó kù kan o. Àsìkò òjò la wà yìí. Tí òjò bá ti ń lu páànù, ẹ gbé ìwé sílẹ̀, ohùn yín kò lè borí rẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n sún mọ́ra lórí ẹní, kẹ́ ẹ máa pa àlọ́ àpamọ̀ títí yóò fi dá.