Má jẹ́ kí ojú tì ọ́ láti sọ pé oúnjẹ ti tán

Àbúrò mi, o ní ọkọ rẹ ń gun ọ̀kadà ní Ìkẹ́rẹ́, ìwọ ń ránṣọ, ọmọ yín sì ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún kan. O béèrè pé bí àrùn bíi Kòrónà bá tún sé gbogbo wa mọ́lé, kí ni ẹni tó ń fi owó òòjọ́ jẹun lè ṣe kí ebi má pa ọmọ. Ohun tí ojú mi rí ní Adó ní 2020 ni mo fẹ́ sọ fún ọ.

Olùkọ́ ni mí nílé ìwé aládàáni kan. Wọ́n ti ilé ìwé pa lóṣù kẹta, odidi oṣù márùn-ún ni n kò fi gba owó oṣù. Bàbá àwọn ọmọ ń wa takisí Adó sí Ìfàkì. Nígbà tí ìjọba ní kí oníkálukú jókòó sílé, ọkọ̀ náà jókòó. Ọmọ mẹ́ta ló wà lọ́rùn wa, èyí tó kéré jù jẹ́ ọmọ ọdún méjì.

Ìbẹ̀rù ló jẹ́ kí n fi ìwọ̀nba owó tó wà nílé ra ìrẹsì, búrẹ́dì àti Indomie. Ìrẹsì ti wọ́n tẹ́lẹ̀ látìgbà tí wọ́n ti ẹnubodè pa lóṣù kẹjọ 2019. Ọjọ́ mẹ́sàn-án péré, gbogbo rẹ̀ ti tán. Ká ní gaàrí tó gbẹ dáadáa, èlùbọ́ àti ẹ̀wà ni mo rà, ì bá gbé wa kọjá oṣù kan.

Lẹ́yìn náà ni mo ta ẹ̀rọ ìránṣọ tí ìyá mi fún mi. Èyí ṣì ń dùn mí. Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí gbogbo ayé bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìbòmú aláṣọ, obìnrin tó wà ní yàrá kejì sì ń fi ẹ̀rọ tirẹ̀ bọ́ ilé rẹ̀. Ìwọ tó ń ránṣọ, ohun yòówù kó dé, má ta ẹ̀rọ rẹ.

Ìwọ náà mọ bí oṣù kẹrin ṣe ń rí lọ́dọ̀ wa. Iṣu àná ti ń tán, ẹni tó ṣẹ́ kù sí lọ́wọ́ ń gé e ní ẹ̀bù gbìn, tuntun kò sì tíì dé. Odó wa dákẹ́. Ní Èkìtì, bí odó ilé kan bá dákẹ́ pẹ́, aládùúgbò á mọ̀, ìyẹn gan-an ló ń dà mí láàmú. Èmi tí àwọn òbí ń pè ní Àǹtí, ta ni mo fẹ́ bá sọ pé gaàrí rírẹ lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́ ni wọ́n ń jẹ nílé mi? Mo dákẹ́ títí àbíkẹ́yìn mi fi fúyẹ́ lọ́wọ́ mi.

Nọ́ọ̀sì ló fi okùn aláwọ̀ mẹ́ta, èyí tí wọ́n fi ń mọ̀ bóyá oúnjẹ ń tó ọmọ, wọn apá rẹ̀ ní ilé ìlera. Ó bọ́ sí yẹ́lò, sẹ̀ntímítà 12, ìyẹn ni pé oúnjẹ kò tó o. Tí kò bá tó 11.5, pupa nìyẹn, ọmọ náà nílò ìtọ́jú kíákíá. Nọ́ọ̀sì yìí ló là mí lójú pé gaàrí ń kún inú ni, kì í mú ọmọ dàgbà. Ó ní kí n máa po sóyà lílọ̀ mọ́ ògì, kí n fi ẹ̀pa, edé àti epo pupa díẹ̀ sí i.

Níbo ni n óò ti rówó sóyà? Ọjọ́ yẹn ni mo sọ fún ìyá tó ń yan gaàrí lẹ́yìn ilé wa. Kò fi mí ṣẹ̀sín rárá. Ó ní, “Ọmọ mi, kí ló dé tó o pẹ́ tó báyìí?” Láti ọjọ́ kejì ni mo ti ń bá a bó ẹ̀gẹ́, tó sì ń fi gaàrí san owó iṣẹ́ mi. Mo ń tà lára rẹ̀, mo fi ń ra sóyà. Lẹ́yìn oṣù kan àti ààbọ̀, apá ọmọ mi padà sí àwọ̀ ewé, àwọ̀ ọmọ tí oúnjẹ ń tó.

Oúnjẹ ìrànwọ́ dé àdúgbò lẹ́ẹ̀kan. Kóńgò ìrẹsì kan ló kàn wá. Mo dúpẹ́, ṣùgbọ́n ọjọ́ méjì ló gbé wa dé.

Nísinsìnyí tí nǹkan ṣì rọ̀, bá aládùúgbò méjì sọ ọ́, kí ẹ jọ máa dá owó ra ẹ̀wà àti sóyà. Fi ewúro àti kókò sí ẹ̀yìnkùlé. Kí o sì gbé ọmọ lọ sí ilé ìlera lọ́sẹ̀ yìí kí wọ́n wọn apá rẹ̀, lẹ́yìn náà kí o sọ àwọ̀ tó bọ́ sí fún mi.