Èémí mi kì í bá mi dé rọ́ọ̀ǹdì kẹta: ṣé mo lè na ẹni tó jù mí lọ?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, kóòṣì. Ọmọ ọdún 21 ni mí, Ìsàlẹ̀ Èkó ni mo ń gbé, ibẹ̀ náà ni mo ti ń kọ́ ẹ̀ṣẹ́. Ìjà 5 péré ni mo tíì jà. Ó ku ọ̀sẹ̀ 8 kí n pàdé ọmọkùnrin kan láti Mushin tó ti jà ju 20 lọ, tó sì ti gba mẹ́dáàlì rí. Rọ́ọ̀ǹdì 3 ni a máa jà, ìṣẹ́jú 3 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àràárọ̀ ni mò ń sáré kìlómítà 10, síbẹ̀ bó bá ti di àárín rọ́ọ̀ǹdì kejì, mo ti ń mí hẹlẹhẹlẹ, ọwọ́ mi á sì wúwo. Kílò 72 ni mí báyìí, kílò 67 ni mo gbọ́dọ̀ wọ̀n. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní kí n ra aṣọ rọ́bà tí wọ́n fi ń làágùn. Gbogbo àdúgbò ló ti ní ọmọ Mushin yẹn ló máa borí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tí wọn ò kà sí tó wá borí, ṣé oríire lásán ni? Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: O kú ìmúra, àbúrò mi. Kì í ṣe oríire lásán. Bí a bá yẹ àwọn ìjà tó ya gbogbo ayé lẹ́nu wò dáadáa, nǹkan méjì la sábà máa ń bá níbẹ̀. Ẹni tí wọ́n gbójú lé kò múra tó. Ẹni tí wọn ò kà sí sì ti múra de ìṣẹ́jú tí ẹnikẹ́ni ò rò pé ẹsẹ̀ rẹ̀ á gbé e dé. Ti àkọ́kọ́ kò sí lọ́wọ́ rẹ. Ti ìkejì ni iṣẹ́ rẹ láti òní lọ.

Wo Buster Douglas àti Mike Tyson ní Tokyo, ọjọ́ 11 oṣù Kejì ọdún 1990. (Tokyo yìí kan náà ni Nojeem Maiyegun, ọmọ Èkó, ti gba mẹ́dáàlì bàbà nínú ìjà ẹ̀ṣẹ́ ní Òlíńpíìkì ọdún 1964, mẹ́dáàlì Òlíńpíìkì àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà gbà. Ó yẹ kí gbogbo ọmọ tó ń wọ gílọ́ọ̀fù l'Ékòó mọ orúkọ rẹ̀.) Tyson ni ọ̀gá àwọn oníẹ̀ṣẹ́ tó wúwo jù lágbàáyé, ẹnikẹ́ni ò tíì nà án rí nígbà náà. Ilé tẹ́tẹ́ fi Douglas sí 42 sí 1, ìyẹn ni pé wọn ò rò pé ó lè borí rárá. Ṣùgbọ́n apá Douglas fi nǹkan bí ínǹṣì 12 gùn ju ti Tyson lọ, ó sì ń fi jáàbù (ẹ̀ṣẹ́ tààrà kíákíá láti ọwọ́ iwájú) dá a dúró láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí rọ́ọ̀ǹdì 8 ń parí lọ, Tyson gbá a lábẹ́ àgbọ̀n, ó ṣubú, rẹfirí kà dé 9 kó tó dìde. Àwọn èèyàn máa ń wo ẹ̀ṣẹ́ tó gbé Tyson ṣubú ní rọ́ọ̀ǹdì 10. Rọ́ọ̀ǹdì 9 ni kí ìwọ wò. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde nílẹ̀ ló padà wá ń lé Tyson mọ́ okùn. Ẹsẹ̀ àti èémí tó ti kó pamọ́ láti ilé ló ṣe iṣẹ́ yẹn.

Oṣù 8 lẹ́yìn náà, ọjọ́ 25 oṣù Kẹwàá, Evander Holyfield dá Douglas yìí kan náà dùbúlẹ̀ ní rọ́ọ̀ǹdì 3. Pọ́n-ùn 231 àti ààbọ̀ ni Douglas wọ̀n ní Tokyo. 246 ló wọ̀n lọ́tẹ̀ yìí. Bákan náà ni ti Andy Ruiz. Nǹkan bí oṣù kan ṣáájú ìjà ni wọ́n pè é láti rọ́pò ẹlòmíì, ó sì na Anthony Joshua, tí ìdílé rẹ̀ wá láti Ṣàgámù, ní New York ní oṣù Kẹfà ọdún 2019. Nígbà tí wọ́n tún pàdé ní oṣù Kejìlá, Ruiz ti fi nǹkan bí kílò 7 sanra sí i, Joshua ti fọn díẹ̀, ó fi jáàbù àti ẹsẹ̀ gba àmì-ẹ̀yẹ rẹ̀ padà. Ara kì í tọ́jú ìmúra àná pamọ́ fún ọ.

Ní báyìí, èémí rẹ. Kìlómítà 10 lójoojúmọ́ kò burú, ṣùgbọ́n ó ń kọ́ ara rẹ láti rìn jẹ́jẹ́ fún wákàtí kan ni. Ìjà ẹ̀ṣẹ́ kì í lọ jẹ́jẹ́. Ó máa ń gbóná fún ìṣẹ́jú àáyá 10 tàbí 15, á rọlẹ̀ díẹ̀, á tún gbóná. Iṣan tó ń ṣe iṣẹ́ kíákíá bẹ́ẹ̀ máa ń ná agbára rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ tó dé ibẹ̀. Bí o kò bá ti kọ́ ọ láti yára sinmi láàárín ìgbóná méjì, gbèsè yẹn á máa gorí ara wọn títí ọwọ́ á fi wúwo. Ohun kejì tún wà tó jọ pé ó ń yọ ọ́ lẹ́nu: mímú èémí dání. Jẹ́ kí ẹnì kan fi fóònù ya ọ́ nígbà tí o bá ń bá èèyàn jà ní jíìmù. Wo èjìká rẹ. Bó bá ti gòkè sún mọ́ etí, tí ẹnu rẹ sì dí pa nígbà tí wọ́n bá ń ju ẹ̀ṣẹ́ sí ọ, o ti rí olè tó ń jí èémí rẹ. Ẹ̀ṣẹ́ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ bá èémí kékeré jáde, "ṣì, ṣì, ṣì", kí ọwọ́ má sì di gan-an àyàfi ìgbà tó bá fẹ́ kan ara. Ẹni tó ń di ìkúùkù rẹ̀ pọ̀ fún odidi ìṣẹ́jú 3, ara rẹ̀ ló ń bá jà.

Ọ̀sẹ̀ 3 àkọ́kọ́: dín eré sísá kù sí ọjọ́ 3 lọ́sẹ̀, ìṣẹ́jú 35 sí 40, lọ́nà tí o ṣì fi lè máa bá ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ sọ̀rọ̀. Jáde kí aago mẹ́fà tó lù, láti Oníkàn gba Marina, kí èéfín dánfó àti ooru tó dé. Ọjọ́ 2 lọ́sẹ̀ ni ti agbára: pọ́ṣọ́ọ̀pù 15 lọ́nà 4, ìlóṣòó-dìde 20 lọ́nà 4, fífa ara sókè lórí irin 6 sí 8 lọ́nà 4, àti ọrùn, 15 síwájú, 15 sẹ́yìn, lọ́nà 2, pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ tí ń dènà orí. Má fo ti ọrùn. Ọrùn tó le kì í jẹ́ kí orí fì púpọ̀ bí ẹ̀ṣẹ́ bá bà á.

Lẹ́yìn náà, gbé kẹ́ẹ̀gì omi lítà 25 sí ọwọ́ méjèèjì, rìn ní mítà 30, lọ́nà 4. Àwọn oníjàkadì mọ ìdí. Ní Òlíńpíìkì Sydney, ọjọ́ 27 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2000, Rulon Gardner na Aleksandr Karelin, ẹni tí wọn ò tíì dá rí fún ọdún 13, pẹ̀lú póìǹtì 1 sí òdo. Póìǹtì kan yẹn wá nítorí pé ọwọ́ Karelin já kúrò níbi tó ti so ó pọ̀ mọ́ ara Gardner. Ọmọ Mushin yẹn máa dì mọ́ ọ bó bá ti fẹ́ sinmi. Ọwọ́ tó ti gbé kẹ́ẹ̀gì kì í tètè rẹ̀ nínú ìdìmọ́ra.

Ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 ni èémí tuntun yẹn ti ń wọlé. Ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀, sáré líle fún ìṣẹ́jú 3, rìn fún ìṣẹ́jú 1, lẹ́ẹ̀mẹfà. Ní ìparí ìṣẹ́jú 3, ọ̀rọ̀ kan tàbí méjì nìkan ni kó lè jáde lẹ́nu rẹ. Ka òpó iná tí o kọjá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ẹlẹ́ẹ̀kẹfà bá kéré gan-an sí ti àkọ́kọ́, o ti sáré jù níbẹ̀rẹ̀. Àṣìṣe tí o ń ṣe nínú ríǹgì náà nìyẹn. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, wá ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tó ní àtẹ̀gùn tó dára, sáré gùn ún fún ìṣẹ́jú àáyá 15, rọra sọ̀ kalẹ̀, sinmi fún 45, lẹ́ẹ̀mẹwàá. Báàgì: rọ́ọ̀ǹdì 5, kì í ṣe 3, kí ìṣẹ́jú àáyá 15 tó kẹ́yìn ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan jẹ́ ẹ̀ṣẹ́ láìdúró. Ọjọ́rú àti Sátidé ni ti bíbá èèyàn jà. Ní kí kóòṣì rẹ fún ọ ní ẹni tuntun tí kò tíì làágùn ní rọ́ọ̀ǹdì kọ̀ọ̀kan, kí ẹnì kan sì máa ka ẹ̀ṣẹ́ rẹ. Bí o bá ju 60 ní rọ́ọ̀ǹdì àkọ́kọ́, tí o ju 35 ní ẹ̀kẹta, o kò tíì ṣe tán. Ohun tí a ń wá ni 55 tàbí 60 títí dé òpin. Ọjọ́ Ẹtì, ṣe díẹ̀. Ọjọ́ Àìkú, sinmi pátápátá.

Báwo lo ṣe máa mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́? Bí rọ́ọ̀ǹdì bá ti parí, fi ìka sí ọrùn ọwọ́, ka bí ọkàn ṣe ń lù fún ìṣẹ́jú àáyá 15, sọ ọ́ di ìlọ́po 4. Tún un kà lẹ́yìn ìṣẹ́jú 1. Bó bá ti fi 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sílẹ̀, ara ń gbọ́. Tún máa kà á láràárọ̀ kí o tó dìde lórí ibùsùn. Bó bá fi 8 sí 10 ga ju bó ṣe máa ń rí fún òwúrọ̀ méjì léraléra, o ti ṣe àṣejù, tàbí ibà ló ń bọ̀. Sinmi lọ́jọ́ náà, kí o sì lọ ṣe àyẹ̀wò ibà.

Ìjà líle tí o máa jà kẹ́yìn ní jíìmù kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ ọjọ́ ìjà ju ọjọ́ 10 lọ. Ní ọ̀sẹ̀ 8, dín iye iṣẹ́ kù sí ìdajì, ṣùgbọ́n má dín ìyára kù. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ọmọ jíìmù ti ń ba iṣẹ́ wọn jẹ́: ẹ̀rù á bà wọ́n, wọ́n á tún fi iṣẹ́ kún iṣẹ́, wọ́n á gbé ara tó ti gbó wọ ríǹgì.

Ọ̀rọ̀ kílò wá. Mo bẹ̀ ọ́, má ra aṣọ rọ́bà yẹn. Omi ló ń fà jáde, kì í ṣe ọ̀rá. Afẹ́fẹ́ Èkó kún fún ọ̀rinrin tó bẹ́ẹ̀ tí òógùn kì í tètè gbẹ lára, bẹ́ẹ̀ gbígbẹ òógùn ló ń mú ara tutù. Bí o bá tún fi rọ́bà bo ara, ooru ò ní rí ọ̀nà jáde mọ́. Ní ìparí ọdún 1997, oníjàkadì 3 ní àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà kú láàárín nǹkan bí oṣù kan, níbi tí wọ́n ti ń fi ooru àti àìmu omi dín kílò kù. Ọ̀dọ́ ni wọ́n, ara wọn le. Kó tilẹ̀ tó débẹ̀, bí kílò 1 àti ààbọ̀ péré bá jáde lára rẹ ní omi, èémí tí à ń wá yìí á ti bá a lọ. Oògùn tó ń mú èèyàn tọ̀, irú Lasix, ó léwu bákan náà, òfin eré ìdárayá sì kà á léèwọ̀.

Kílò 5 láàárín ọ̀sẹ̀ 8 ṣe é ṣe láìfi ara jìyà: nǹkan bí gíráàmù 600 lọ́sẹ̀. Mú mínírà àti mọ́ọ̀tì kúrò pátápátá, àti ohun tí wọ́n dín, irú bíi pọfu-pọfu àti dòdò. Ẹ̀bà alẹ́ ni kí o gé sí ìdajì. Má yọ ọ́ kúrò, nítorí iṣẹ́ líle ò ṣe é ṣe lórí inú òfìfo. Ẹyin, ẹja, ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ ni kó kún àwo. Máa wọn ara rẹ láàárọ̀ Ọjọ́ Ajé, lẹ́yìn tí o bá ti tọ̀, kí o tó jẹun. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀ 8, ó yẹ kí o wà ní 67 àti ààbọ̀ tàbí 68. Dídín iyọ̀ àti oúnjẹ tó wúwo kù fún ọjọ́ díẹ̀ á gbé ìyókù lọ. Bó bá ṣì ju 69 lọ, sọ fún kóòṣì rẹ kó fi ọ́ sí ìsọ̀rí tó wà lókè. Bí o bá ti sọ̀ kalẹ̀ lórí ìwọ̀n, po lítà omi 1 pọ̀ mọ́ ṣíbí tíì pẹlẹbẹ 6 ti ṣúgà àti ìdajì ṣíbí iyọ̀, máa mu ún díẹ̀díẹ̀, kí o wá jẹ ìrẹsì díẹ̀ tàbí ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́.

Nínú ríǹgì, má ṣe bíi Douglas tó ní rọ́ọ̀ǹdì 12 níwájú rẹ̀. Rọ́ọ̀ǹdì 3 ni tìrẹ. Bí adájọ́ bá ti kọ 10 sí 9 fún un lẹ́ẹ̀mejì, ìyẹn ni pé ó ti borí rọ́ọ̀ǹdì méjì, ó kù kí o dá a dùbúlẹ̀. Ẹni tó ti jà ju 20 lọ mọ bó ṣe ń jí ìsinmi: á dì mọ́ ọ, á rìn yípo, á fi ejika tàn ọ́. Gba ìsinmi yẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Bó bá sún sẹ́yìn, tẹ̀ síwájú lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú jáàbù, má sáré lé e. Láti ìṣẹ́jú àkọ́kọ́, kí ẹ̀ṣẹ́ 1 nínú 3 lọ sí ìhà àti ikùn. Bó bá sì ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, rántí Joshua: ó ti gbé Ruiz ṣubú ní rọ́ọ̀ǹdì 3, ó sáré wọlé láti parí rẹ̀, ẹ̀ṣẹ́ òsì Ruiz bá a lẹ́bàá etí, òun fúnra rẹ̀ ló wá nílẹ̀. Jáàbù ni kó ṣáájú rẹ wọlé, kí ọwọ́ kejì wà lẹ́rẹ̀kẹ́.

Má fojú kéré ìṣẹ́jú 1 ìsinmi. Nígbà tí ojú Tyson ń wú ní Tokyo, àwọn tó wà ní igun rẹ̀ ò ní irin tútù tí wọ́n fi ń tẹ ojú. Ìbọ̀wọ́ rọ́bà tí wọ́n rọ omi yìnyín sí ni wọ́n ń lò. Yan ẹni tó máa dúró tì ọ́ láti ìsinsìnyí. Jókòó, na ẹsẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 15. Fi imú fà á, fi ẹnu tú u. Omi, ẹnu 1 péré. Lẹ́yìn náà ni kóòṣì á sọ ohun kan, ọ̀kan ṣoṣo, tí o máa ṣe. Ẹ máa ṣe é bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ní gbogbo Ọjọ́rú àti Sátidé, pẹ̀lú àpótí, garawa àti aago.