Ẹ ka àwọn tó ń dúró lẹ́nu géètì

Ìbéèrè yín ni pé, kí ló dé tí wọ́n fi ń kéde lọ́dọọdún pé ọrọ̀ ajé ń dàgbà, tí ìṣirò sì ń sọ pé àwọn aláìríṣẹ́ṣe kò pọ̀ ní agbègbè yín, síbẹ̀ tí òṣì ò gbẹ́sẹ̀ kúrò nílẹ̀. Ẹ ní àfàìmọ̀ kí ìṣirò náà má jẹ́ irọ́. Mo ti wà lára àwọn tí wọ́n ń kà, mo sì ti wà lára àwọn tó ń kà wọ́n. Kì í ṣe irọ́, àmọ́ ohun tí wọ́n ń kà yàtọ̀ sí ohun tó ń dùn yín.

Ọdún 11 ni mo fi ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ìhunṣọ kan tó jẹ́ pé òun nìkan ni agbanisíṣẹ́ ńlá tí a ní ní agbègbè wa. Bó ti wù kí inú bí wa tó, a kì í kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀, nítorí kò sí ibòmíràn tí a lè gbé ọwọ́ wa lọ. Àwọn ọ̀gá mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì hàn nínú owó oṣù wa. Joan Robinson, onímọ̀ ọrọ̀ ajé ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti ṣàlàyé láti ọdún 1933 pé bí ẹni tó ń ra iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ bá jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo, ó lè máa san iye tó kéré sí ohun tí iṣẹ́ wọn ń mú wọlé fún un. Èmi ò gbọ́ orúkọ obìnrin náà rí nígbà yẹn. Ara mi ni mo fi kọ́ ọ.

Nígbà tí ilé iṣẹ́ náà kógbá sílé, mo rò pé àwa tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wa nìkan ni ìyà náà máa jẹ. Bí a ṣe tú jáde, ṣe ni a ya wọ inú iṣẹ́ oníṣẹ́: àwọn kan di alágbàṣe lóko, àwọn kan ń ru bíríkì, àwọn kan sì ra ẹ̀rọ ìránṣọ. Kí ọdún tó yí po, owó aránṣọ tó ti wà nídìí ẹ̀rọ rẹ̀ láti ogún ọdún ti já wálẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni ò lé e kúrò níbi kankan. Àwa oníbàárà rẹ̀ àná la di orogún rẹ̀.

Èmi bọ́ sí ìdí iṣẹ́ ilé kíkọ́. Aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí ni a ti máa ń dúró lẹ́nu géètì, a máa ń tó ogójì, nígbà tí àwọn tí wọ́n nílò kì í ju mẹ́jọ lọ. Fọ́máànù yóò jáde, yóò wò wá lọ wò wá bọ̀, kò ní dárúkọ owó kankan. Yóò kàn dákẹ́ ni. Kò ní pẹ́ tí ẹnì kan lẹ́yìn yóò nawọ́ sókè pé òun gbà á ní iye tí wọ́n san lánàá. Ẹlòmíràn yóò sì ní kí wọ́n yọ ìdá kan nínú mẹ́rin kúrò níbẹ̀. Dídákẹ́ ọkùnrin yẹn ló ń bá wa nájà. Ọdún mẹ́ta gbáko ni mo fi dúró lẹ́nu géètì náà. Ilé gíga mẹ́rin ló dìde lójú mi, wọ́n ka gbogbo wọn mọ́ ìdàgbàsókè ọrọ̀ ajé, ó sì tọ́ kí wọ́n kà á; owó ojúmọ́ tiwa kò sún sókè rárá.

Ẹni tó là mí lójú sí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wa ni Arthur Lewis, ọmọ erékùṣù Saint Lucia tó gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 1979. Àlàyé tó ṣe lọ́dún 1954 ni pé, níwọ̀n ìgbà tí ọ̀pọ̀ èèyàn bá ṣì wà lóko àti nídìí òwò pẹ́pẹ̀pẹ́, tó fi jẹ́ pé bí àwọn kan bá tilẹ̀ kúrò níbẹ̀ iṣẹ́ kò ní dínkù, ilé iṣẹ́ lè máa gbòòrò sí i kí owó òṣìṣẹ́ má sì kúrò lójú kan, nítorí ẹni tí yóò gba ipò ẹni tó bá kọ̀ ti wà nílẹ̀. Ìgbà tí irú àwọn bẹ́ẹ̀ bá ń tán lọ ni owó ń bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Wọ́n rí i bẹ́ẹ̀ ní Ṣáínà: láti àwọn ọdún 1980 ni ọ̀kẹ́ àìmọye ọ̀dọ́ ti ń kó kúrò lábúlé lọ sí àwọn ilé iṣẹ́ etíkun, owó oṣù wọn sì falẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, àfi lẹ́yìn ọdún 2000 tó wá ń sáré, bí àwọn ọ̀dọ́ tó kù lábúlé ṣe ń dínkù. Mo gbọ́dọ̀ fi kún un pé iṣẹ́ ilé iṣẹ́ náà sàn ju ti oko lọ láti ìbẹ̀rẹ̀, èyí ló fi ń dín òṣì kù kí owó oṣù tó gòkè pàápàá. Ìdàgbàsókè tó bá wá láti inú epo rọ̀bì tàbí kùsà kì í sábà rí bẹ́ẹ̀, nítorí ẹ̀rọ ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ ibẹ̀.

Ní ti ìṣirò tí ẹ ń fura sí, lẹ́yìn tí ẹ̀yìn mi ò gba bíríkì mọ́, wọ́n gbà mí síbi tí a ti ń lọ láti ojúlé dé ojúlé láti bi àwọn èèyàn léèrè nípa iṣẹ́ wọn. Òfin tí a ń tẹ̀ lé, èyí tí àwọn orílẹ̀-èdè fọwọ́ sí lọ́dún 1982 lábẹ́ ILO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́, ni pé ẹni tó bá ṣe iṣẹ́ owó fún wákàtí kan péré láàárín ọjọ́ méje níṣẹ́ lọ́wọ́. Lọ́jọ́ kan, mo kan ilẹ̀kùn, ẹni tó ṣí i fún mi ni ọkùnrin kan tí a jọ wà nílé iṣẹ́ ìhunṣọ. Ó ti tó oṣù mẹ́fà tó ti ń wáṣẹ́ kiri. Mo bi í bóyá ó ṣe nǹkan kan tí wọ́n sanwó fún lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ronú díẹ̀, ó ní òun bá wọn já ẹrù nínú ọkọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan. Mo fàmì sí ibi tí wọ́n kọ “ó níṣẹ́” sí. Ó bẹjú wo ìwé ọwọ́ mi, ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní, “Ọ̀rẹ́ mi, o ṣeun o. Láti ọjọ́ yìí, ìwọ ni ẹni àkọ́kọ́ tó bá mi ríṣẹ́.”

Òfin náà kò burú fún ohun tí wọ́n ṣe é fún. Àmọ́ níbi tí kò bá ti sí owó ìrànwọ́ fún aláìníṣẹ́, tálákà ò lè fi ọ̀sẹ̀ kan jókòó kó máa wáṣẹ́ tó wù ú. Ohun tó bá rí ni yóò fọwọ́ mú. Nítorí náà, àìríṣẹ́ṣe lè kéré lórí ìwé níbi tí òṣì ti pọ̀ jù. Àjọ ILO kan náà ló kọ ọ́ lọ́dún 2018 pé nǹkan bíi bílíọ̀nù 2 òṣìṣẹ́ láyé, tó ju ìdajì gbogbo òṣìṣẹ́ lọ, ló wà nídìí iṣẹ́ tí òfin iṣẹ́ àti owó ìfẹ̀yìntì ò dé. Gbogbo wọn pátá ni wọ́n kà sí ẹni tó níṣẹ́.

Àwọn kan ti sọ fún yín pé kí ẹni tí agbègbè rẹ̀ ò dára kó lọ síbi tó dára. Ọ̀rọ̀ náà ò rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Owó ọkọ̀ àti owó ilé oṣù àkọ́kọ́ ni ẹnubodè, àwọn tó sì ń rí i kọjá ni àwọn ọ̀dọ́ tó mọṣẹ́ lọ́wọ́. Ní Jámánì, tó ti pín sí orílẹ̀-èdè méjì tẹ́lẹ̀, nígbà tí wọ́n sọ owó ìlà-oòrùn àti ti ìwọ̀-oòrùn di ọ̀kan ní oṣù Keje ọdún 1990, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ìlà-oòrùn ò lè san owó oṣù tó ti di ti owó ìwọ̀-oòrùn, wọ́n wó, èèyàn tó ju mílíọ̀nù kan lọ sì ṣí lọ sí ìwọ̀-oòrùn láàárín àwọn ọdún tó tẹ̀ lé e. Àwọn agbègbè tí wọ́n fi sílẹ̀ ṣófo, àwọn àgbà sì pọ̀ jù níbẹ̀ títí dòní.

Ohun tí mo rí tó ń ṣiṣẹ́ ni kí òṣìṣẹ́ ní ibòmíràn tó lè lọ. Ní Íńdíà, òfin ọdún 2005 fún ìdílé kọ̀ọ̀kan ní ìgbèríko lẹ́tọ̀ọ́ sí iṣẹ́ ìjọba fún 100 ọjọ́ lọ́dún. Níbi tí wọ́n ti ṣe é dáadáa, owó tí àwọn olóko aládàáni ń san fún alágbàṣe náà gòkè, nítorí alágbàṣe ti lè kọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ìdàgbàsókè ti dé ọ̀dọ̀ yín, ẹ fi owó ojúmọ́ lébìrà ti ọdún yìí wé ti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, kí ẹ wò ó bóyá ó lé iye tí wọ́n ń ta nǹkan lọ́jà bá.

Ní ọdún kẹta mi lẹ́nu géètì yẹn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ọ̀nà ńlá kan níbi tí kò jìnnà, wọ́n sì ń gba ọ̀pọ̀ èèyàn. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, fọ́máànù wa jáde, ó bá àwa méjìlá, bẹ́ẹ̀ ogún ló nílò. Ó wo ẹ̀yìn wa bóyá àwọn míì ń bọ̀. Àwa náà dákẹ́. Òun ló kọ́kọ́ dárúkọ owó.