Starlink wà nínú ọkọ̀ wa: ṣé a ṣì nílò rédíò láti sọdá Òkun Àtìláńtíìkì?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni mí, Portsmouth ni mò ń gbé. Ọ̀rẹ́ mi kan ní ọkọ̀ onígbòkun tí gígùn rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 40. Àwa mẹ́rin la fẹ́ wà á láti Las Palmas, ní erékùṣù Canary, lọ sí Saint Lucia ní ìparí oṣù Kọkànlá. Èmi ni wọ́n ní kí n máa bójú tó ìbánisọ̀rọ̀ àti ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́. Rédíò VHF kan (èyí tí ọkọ̀ fi ń bá ọkọ̀ tó wà nítòsí sọ̀rọ̀) wà nínú ọkọ̀, ọ̀rẹ́ mi sì ti ra Starlink, íntánẹ́ẹ̀tì tó ń gba orí sátẹ́láìtì, ó ní kò sí ìdí tí a ó fi tún náwó sórí nǹkan mìíràn. Ṣé òótọ́ ni? Báwo ni mo ṣe máa mọ irú ojú ọjọ́ tó ń bọ̀ tí a bá ti wọ agbami? Ṣé ìwé àṣẹ kan wà tó yẹ kí n gbà?

Ìdáhùn: Àbúrò, o ṣeun tí o béèrè nígbà tí ọkọ̀ ṣì wà ní èbúté. Starlink wúlò gan-an ni, kí ọ̀rẹ́ rẹ má dá a padà. Ṣùgbọ́n òun nìkan kò tó, n kò sì ní fi ìyẹn sábẹ́ ahọ́n sọ.

Ohun tó sábà máa ń pa ọkọ̀ lẹ́nu mọ́ lójú agbami kì í ṣe sátẹ́láìtì. Iná ni. Omi iyọ̀ á jẹ wáyà, bátìrì á kú, ìkùukùu á bo oòrùn fún ọjọ́ mélòó kan tí sólà kò ní rí nǹkan kan gbà, tàbí kí mànàmáná sán sí òpó ọkọ̀ kí gbogbo ohun tó so mọ́ wáyà jóná lẹ́ẹ̀kan náà. Nítorí náà, bí o bá dojú kọ ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan nínú ọkọ̀ yẹn, ohun tí o máa bi ara rẹ ni pé: bí iná ọkọ̀ bá lọ lóru òní, ta ni mo ṣì lè fi ẹ̀rọ yìí ké sí?

Láti Las Palmas dé Saint Lucia tó nǹkan bíi 2,700 máìlì òkun, ọkọ̀ irú tiyín á sì lò tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tó dé. Láàárín ibẹ̀, hẹlikópítà kankan kò lè dé ọ̀dọ̀ yín, epo rẹ̀ kò ní gbé e lọ gbé e bọ̀. Ọkọ̀ ẹrù tó ń kọjá, tàbí ọkọ̀ onígbòkun bíi tiyín, ni àwọn ẹ̀ṣọ́ etíkun á bẹ̀ pé kó yà wá ràn yín lọ́wọ́. Bí ọkọ̀ náà bá sì dé tòsí, kò ní fi WhatsApp wá yín. VHF ló máa fi pè yín.

Tí EPIRB, ẹ̀rọ tó ń ké pe olùgbàlà nígbà ewu, kò bá sí nínú ọkọ̀ náà, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ rà. Ẹ̀rọ tó ṣeé gbé lọ́wọ́ ni, bátìrì tirẹ̀ wà nínú rẹ̀, kò bá iná ọkọ̀ da nǹkan kan pọ̀. Bí ẹ bá tàn án, yóò máa ké lórí 406 MHz fún wákàtí 48 ó kéré tán, àwọn sátẹ́láìtì Cospas-Sarsat, ètò àgbáyé fún wíwá ẹni tó wà nínú ewu, á sì gbọ́ ọ níbikíbi tó bá wà láyé. Kánádà, Faransé, Amẹ́ríkà àti Soviet ìgbà náà ló jọ dá ètò yìí sílẹ̀, nígbà tí Amẹ́ríkà àti Soviet kò fẹ́ rí ara wọn sójú, ó sì ti ń gba ẹ̀mí là láti 1982. Nàìjíríà náà wà nínú rẹ̀, Abuja ni ibùdó tiwa wà. Ṣùgbọ́n EPIRB tí ẹ kò bá forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ kò pé. Ọ̀fẹ́ ni ìforúkọsílẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì. Nọ́ńbà ẹni tó wà nílé, tó mọ ìrìn yín, ni kí ẹ kọ síbẹ̀, nítorí òun ni ẹ̀ṣọ́ etíkun máa kọ́kọ́ pè láti mọ̀ bóyá lóòótọ́ lẹ wà lójú òkun, àti pé ẹni mélòó ló wà nínú ọkọ̀. Ẹni tí kì í gbé fóònù tí kò bá mọ nọ́ńbà tó ń pè é kò yẹ fún iṣẹ́ yìí.

O kò sọ bóyá VHF yín jẹ́ èyí tí wọ́n kàn mọ́ ọkọ̀ tàbí ti ọwọ́. Méjèèjì lẹ nílò. Ibi tí ojú áńtẹ́nà bá lè dé ni VHF ń dé: èyí tí áńtẹ́nà rẹ̀ wà lórí òpó á bá ọkọ̀ mìíràn sọ̀rọ̀ ní máìlì 15 sí 20, ó tún lè jù bẹ́ẹ̀ lọ bí ọkọ̀ ńlá bá ni, nígbà tí ti ọwọ́ kì í sábà kọjá máìlì márùn-ún. Ṣùgbọ́n bí òpó bá wó, áńtẹ́nà bá a lọ nìyẹn, ti ọwọ́ ló kù. Inú àpò tí ẹ máa gbé wọ ọkọ̀ ìgbàlà ni kí ti ọwọ́ máa gbé, kí bátìrì rẹ̀ sì máa kún.

Wo ara èyí tí wọ́n kàn mọ́ ọkọ̀ dáadáa. Bọ́tìnnì pupa kan wà lábẹ́ ìdérí, òun ni DSC. Tí o bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ tí ọwọ́ rẹ kò kúrò títí yóò fi ránṣẹ́, á gba orí ìkànnì 70 sọ fún gbogbo ọkọ̀ tó wà nítòsí pé ẹ wà nínú ewu, yóò sì sọ ibi tí ẹ wà. Lẹ́yìn náà lo máa fi ẹnu pe Mayday, igbe ìrànlọ́wọ́ àwọn atukọ̀, lórí ìkànnì 16. Nǹkan méjì ló ń sọ bọ́tìnnì yẹn di òfo nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀: wọn kò tíì tẹ nọ́ńbà MMSI sínú rédíò, tàbí GPS kò so mọ́ ọn. Nọ́ńbà oní-dígíìtì mẹ́sàn-án tí a fi ń dá ọkọ̀ mọ̀ ni MMSI. Ti ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì máa ń bẹ̀rẹ̀ láti 232 dé 235, ti Nàìjíríà jẹ́ 657. Yẹ méjèèjì wò lónìí, má dúró di Las Palmas.

Ó ku rédíò SSB, èyí tó ń lo ìgbì kúkúrú (shortwave) tó ń rìn jìnnà. Ìgbì rẹ̀ máa ń gòkè lọ kan ionosphere, ìpele kan lókè òfuurufú, yóò ta padà sílẹ̀ ní ọ̀nà jíjìn réré, kò nílò sátẹ́láìtì, kò sì sí owó oṣooṣù. Ọ̀nà tí àmì tí Marconi ní òun gbọ́ ní Newfoundland ní ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá 1901 gbà sọdá Àtìláńtíìkì nìyẹn. Lọ́sàn-án, 12 àti 16 MHz ló ń rìn jìnnà. Bí ilẹ̀ bá ṣú, ẹ sọ̀ kalẹ̀ sí 8, 6 tàbí 4. Mo fẹ́ràn rédíò yìí jọjọ, torí pé bí ọkọ̀ kan bá sọ̀rọ̀, ogún ọkọ̀ ló ń gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan náà, èyí tí fóònù kò lè ṣe. Síbẹ̀ n kò ní sọ pé kí ẹ lọ kàn án mọ́ ọkọ̀ nísinsìnyí. Owó rẹ̀ pọ̀, áńtẹ́nà àti wáyà ilẹ̀ (earth) rẹ̀ gba iṣẹ́ oníṣẹ́, ó sì gba oṣù púpọ̀ kí ọwọ́ tó mọ́ ọn. Ẹni tó fẹ́ lo ọdún mélòó kan lójú òkun ló yẹ fún.

Dípò rẹ̀, ẹ ra nǹkan méjì. Èkíní ni fóònù sátẹ́láìtì Iridium. Sátẹ́láìtì 66 ló ń ṣiṣẹ́ fún un, kò síbi tí kì í dé, owó iná rẹ̀ kéré, bátìrì rẹ̀ sì wà nínú rẹ̀. Ó lọ́ra púpọ̀ o, kò lè gbé fídíò, ṣùgbọ́n ó lè gbé ohùn yín àti fáìlì ojú ọjọ́. Èkejì ni rédíò kékeré oníbátìrì tó ń gba SSB láìlè sọ̀rọ̀ padà. Òun lẹ máa fi gba máàpù ojú ọjọ́ tí Northwood ní Gẹ̀ẹ́sì, Boston àti New Orleans ní Amẹ́ríkà ń fi rédíò tẹ̀ ránṣẹ́ lójoojúmọ́. Fi wáyà so ibi tí wọ́n ń ki gbohùngbohùn etí bọ̀ mọ́ tábílẹ́ẹ̀tì tó ní áàpù fún un, máàpù á máa yọ díẹ̀díẹ̀ lójú rẹ. Ibi tí àwọn ènìyàn ti ń ṣubú ni nọ́ńbà tí wọ́n ń yí rédíò sí: 1.9 kHz ni kí o yọ kúrò nínú nọ́ńbà tí wọ́n kọ sílẹ̀. Bí Boston bá wà lórí 9110 kHz, 9108.1 ni kí o yí i sí, kí rédíò wà lórí USB (upper sideband, apá òkè SSB, kì í ṣe ihò wáyà USB).

Ní ti ojú ọjọ́ fúnra rẹ̀, fáìlì GRIB lo máa lò jù. Kọ̀ǹpútà ló ṣe é. Ó ń fi ọfà kéékèèké hàn ọ́ ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí àti bó ṣe le tó. Bí Starlink bá wà, áàpù á gbé e fún ọ ní wàràwàrà. Bó bá kú, Saildocs, iṣẹ́ tó ń fi fáìlì ojú ọjọ́ dá ímeèlì padà, lo máa kọ lẹ́tà sí láti orí Iridium, lẹ́tà onílà kan ṣoṣo:

send gfs:8N,30N,64W,12W|2,2|0,12..120|WIND,PRMSL

Nọ́ńbà mẹ́rin àkọ́kọ́ ni ààlà ibi tí o fẹ́ rí. 2,2 ń sọ bí ọfà ṣe máa jìnnà síra. Èyí tó kàn ń béèrè fún ọjọ́ márùn-ún ní wákàtí méjìlá-méjìlá. Afẹ́fẹ́ àti ìtẹ̀sí rẹ̀ nìkan lo béèrè. Má béèrè òjò, má béèrè ìgbì, títí fáìlì kékeré á fi máa wọlé láìsí wàhálà. GFS, àsọtẹ́lẹ̀ kọ̀ǹpútà ti Amẹ́ríkà, máa ń jáde lẹ́ẹ̀mẹrin lóòjọ́, ní aago 00, 06, 12 àti 18 UTC, ṣùgbọ́n wákàtí mẹ́rin sí márùn-ún ló máa ń pẹ́ kó tó délẹ̀. Ẹni tó bá béèrè láago 12 géérégé, ti àárọ̀ ló máa gbà. Nígbà tí Starlink bá ń ṣiṣẹ́, máa fi ti ECMWF ti ilẹ̀ Yúróòpù wé e. Bí àwọn méjèèjì bá fohùn ṣọ̀kan fún ọjọ́ mẹ́ta tó ń bọ̀, fọkàn tán wọn. Ohun tí wọ́n bá sọ nípa ọjọ́ kẹjọ, má fi pinnu ibi tí ọkọ̀ máa gbà.

GRIB kò rí ìjì òjò òjijì, jọ̀wọ́ fi èyí sọ́kàn. Lójú ọ̀nà yín, ìkùukùu dúdú kan lè wọlé dé lóru, afẹ́fẹ́ tí GRIB ní ó jẹ́ nọ́ọ̀tì 18 á di 35 láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, lẹ́yìn náà òjò á dá. Kò sí kọ̀ǹpútà tó máa sọ fún ọ pé aago méjì òru ni. Ojú ẹni tó ń ṣọ́ ọkọ̀ ló máa rí i, tàbí rada, ìdí sì nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi ń ká ìgbòkun kù kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ka àsọtẹ́lẹ̀ tí ènìyàn kọ pẹ̀lú, ó gbéyẹ̀wò ohun tí GRIB kò mọ̀. Wọ́n ti pín òkun àgbáyé sí METAREA, ìyẹn agbègbè àsọtẹ́lẹ̀ ojú ọjọ́. Láti Canary dé ìlà 35 ìwọ̀-oòrùn, METAREA II ni, Météo-France ló ń kọ ọ́. Omi Èkó, Kùtọnu àti Lomé náà wà lábẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá ti kọjá ìlà 35, METAREA IV ti Amẹ́ríkà ni kí o bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Àìmọye ló ń bá ti àkọ́kọ́ lọ tí kò sì mọ̀ pé ohun tó ń kà kò kan ibi tó wà mọ́.

Ìparí oṣù Kọkànlá tí ẹ mú dára, torí ọjọ́ 30 oṣù náà ni wọ́n ń ka àsìkò hurricane sí pé ó parí. Ìjì kò mọ kàlẹ́ńdà, àmọ́. Ìparí oṣù Kọkànlá 2005 ni ìjì Delta ya lu Canary fúnra rẹ̀, ó sì ṣẹ́ àpáta gogoro tí wọ́n ń pè ní Ìka Ọlọ́run ní Agaete. Máa wo ìkéde National Hurricane Center ní Miami títí ẹ ó fi ta ìgbòkun. Ẹ tún lè bá eruku Sàhárà pàdé, àtẹ́gùn tó ń gbé ọyẹ́ wá sílé bá èyí tó máa ti ọkọ̀ yín tan. Eruku yẹn máa ń bo ojú òkun débi tí ọkọ̀ ńlá á fi dé tòsí kí ojú tó rí i, nítorí náà kí etí yín má kúrò lórí ìkànnì 16.

Lẹ́yìn gbogbo ẹ̀rọ, bàròmítà, èyí tó ń wọn ìtẹ̀sí afẹ́fẹ́ ní hPa. Kò jẹ iná ọkọ̀. Ní ilẹ̀ olóoru, ó máa ń lọ sókè ní nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀ àti mẹ́wàá alẹ́, ó máa ń lọ sílẹ̀ ní aago mẹ́rin ìdájí àti mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́. Máa kọ ọ́ sílẹ̀ ní wákàtí mẹ́rin-mẹ́rin kí o lè mọ ìṣe rẹ̀. Bó bá fi 3 hPa dín sí iye tó yẹ kó jẹ́ ní irú àkókò yẹn, ẹ lajú. Bó bá fi 5 dín, ìjì olóoru kò jìnnà sí yín, ohunkóhun tí GRIB bá wí. Herb Hilgenberg, tó ń gba àwọn atukọ̀ Àtìláńtíìkì nímọ̀ràn lọ́fẹ̀ẹ́ láti Kánádà lórí 12359 kHz títí di 2013, máa ń kọ́kọ́ gbọ́ ohun tí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ń rí níbi tó wà. Bí ìwọ náà bá gba GRIB, fi wé afẹ́fẹ́ tó wà lórí yín ní wákàtí yẹn. Bí wọn kò bá jọra lónìí, má gba ti ọ̀la gbọ́ pátápátá.

Ní ti ìwé àṣẹ: ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ rédíò láti ọ̀dọ̀ Ofcom, àjọ tó ń bójú tó rédíò níbẹ̀, orí íntánẹ́ẹ̀tì lẹ ti lè gbà á lọ́fẹ̀ẹ́, EPIRB àti VHF á sì wà nínú rẹ̀. Ìwọ fúnra rẹ nílò Short Range Certificate fún VHF. RYA, ẹgbẹ́ àwọn atukọ̀ onígbòkun Gẹ̀ẹ́sì, ló ń ṣètò ìdánwò rẹ̀, kò le. Èyí tó tóbi jù ú lọ, Long Range Certificate, SSB ló wà fún. Kì í ṣe ìwọ nìkan ló yẹ kó mọ̀ ọ́n lò, torí bí òtútù tàbí èébì òkun bá dá ọ dùbúlẹ̀ ńkọ́? Kọ ohun tí wọ́n máa sọ nínú Mayday sórí páálí, kí o lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ rédíò.

Kí ẹ tó gbéra, ẹ wa ọkọ̀ náà jáde fún ọjọ́ méjì kí ẹ sì pa Starlink. Gba GRIB láti orí Iridium, gba máàpù kan láti Northwood lóru, kí VHF ti ọwọ́ pe ti ara ọkọ̀, kí àwọn mẹ́ta tó kù fi ọwọ́ ara wọn ṣe é níkọ̀ọ̀kan. Ohun tó bá kọ̀ láti ṣiṣẹ́, ẹ tún un ṣe ní Portsmouth, níbi tí ṣọ́ọ̀bù tó ń tà á wà.