Èsì: Ẹ̀rọ RO fún omi mímu nílé tó ń lo bòhóòlù

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ní ẹ fẹ́ so ẹ̀rọ RO (reverse osmosis, ẹ̀rọ tó ń fi agbára ti omi gba inú awọ tín-ín-rín kọjá kó lè mọ́) mọ́ omi bòhóòlù ilé yín l'Ádó-Èkìtì, ẹ sì bèèrè bóyá agbára tánkì orí òpó máa tó o. Kò lè tó o. Tánkì tó ga ní mítà 3 kò lè ti omi ju báà 0.3 lọ (báà ni wọ́n fi ń wọn agbára tó ń ti omi), bẹ́ẹ̀ nǹkan bíi báà 3 sí 4 ni awọ tó ń sẹ́ omi nínú rẹ̀ ń fẹ́. Ẹ ra èyí tó ní pọ́ǹpù tirẹ̀.

Kílórínì gan-an ló ń kọ mí lóminú. Ọ̀pọ̀ wa la máa ń dà á sí kànga àti tánkì, bẹ́ẹ̀ ó máa ń ba awọ yẹn jẹ́ pátápátá. Asẹ́ eléèédú gbọ́dọ̀ wà níwájú awọ náà, kí asẹ́ tó ń gba iyanrìn dúró sì ṣáájú èédú. Ọjọ́ tí ẹ bá tú ti iyanrìn tí ẹ rí i pé ó ti pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pààrọ̀ rẹ̀, ẹ má fọ̀ ọ́ lò.

Omi tí ẹ̀rọ náà máa dà nù sábà máa ń pọ̀ ju èyí tẹ́ ẹ máa mu lọ. Ẹ gbè é sí kẹ́ẹ̀gì, ẹ fi fọ ilé. Ẹ da omi àkọ́kọ́ tó bá kún tánkì kékeré rẹ̀ nù, ẹ má mu ún.