Clip Jam ni kí o mú

Àbúrò, nínú ẹ̀rọ orin kékeré méjì tí o ní o fẹ́ máa fi gbọ́ orin bí o bá ń sáré yẹn, iPod shuffle àti SanDisk Clip Jam, Clip Jam ni kí o rà, bí íápíìsì oníwáyà bá tẹ́ ọ lọ́rùn. Clip Jam kò ní Bluetooth.

iPod shuffle wuyì o, ṣùgbọ́n láti 2017 ni Apple ti dáwọ́ rẹ̀ dúró. Tòkunbọ̀ ni wàá rí, bátìrì rẹ̀ á sì ti gbó. Kò ní ojú (screen) tí wàá fi wo orúkọ orin, kò sì gba mẹ́mọ́rì.

Clip Jam gbà á, ó tún ní rédíò. Ọrùn ẹ̀wù ni kí o fi há. Mo fi há ṣòkòtò lẹ́ẹ̀kan, apá mi kọ́ wáyà, íápíìsì bá bọ́ sí gọ́tà! Má jẹ̀ẹ́ kí Clip Jam náà kan òógùn.